Fáírọ́ọ̀sì tó jáde nínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Lórí ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì tó ń jáde nínú kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà yìí, ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Ní 2019 mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kabba níbi, fọ́tókọ́pì àti ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe, àwọn kọ́sítọ́mà á gbé fláàṣì tó ti rìn dé Mọ́pà dé Ìsánlú wá, fáírọ́ọ̀sì inú ẹ̀ ju ìwé inú ẹ̀ lọ. Lèmi bá dọ́gbọ́n, mo gbé VirtualBox, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà, sórí lápútọ́ọ̀pù mi, mo fi Windows 7 sínú ẹ̀, ibẹ̀ ni mo ti ń ṣí fláàṣì wọn, mo ní ohun tó bá kú síbẹ̀, ibẹ̀ náà la ó sin ín sí.

Àṣé èmi fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn. Torí kí gbígbé fáìlì jáde lè yá, mo ti ṣe shared folder, ìyẹn fódà tí kọ̀ǹpútà inú àti tòde jọ ń lò, gbogbo Documents mi ni mo kó sínú ẹ̀ o! Mọ́mì kan gbé pròjẹ́ẹ̀tì ọmọ wọn wá, mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, mo tún tẹ̀ ẹ́, kí n tó mọ̀, fáírọ́ọ̀sì ti ń ti àwọn fáìlì mi pa, orúkọ wọn ń hu ìrù gígùn kan lọ́kọ̀ọ̀kan, àkáǹtì ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wà níbẹ̀. Mo sáré lọ pa jẹnẹrétọ̀, mo gbàgbé pé lápútọ́ọ̀pù ní bátìrì.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Lọ́kọ́ja ní kí n wo nọ́ńbà ẹ̀dà VirtualBox mi. 5.2.18. Wọ́n pariwo. Wọ́n ní láti November 2018 ni Sergey Zelenyuk, ẹni tó ń wá ihò nínú sọ́fúwià, ti gbé e síta pé káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì E1000, èyí tó wà nínú ẹ̀ láti ilẹ̀, ní ihò nínú, ẹni tó bá ti di ọ̀gá nínú kọ̀ǹpútà inú lè gbabẹ̀ jáde sórí tòde, ẹ̀dà 5.2.22 ló dí i. Ìyẹn kọ́ ló pa mí ṣá, àmọ́ mo ti ń ṣahun détà, mi ò ṣe ọ́púdéètì.

Ẹnì kan fèsì: Ẹ pẹ̀lẹ́, bọ̀ọ̀dá. Tèmi ni ihò irú ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní VENOM ní 2015, QEMU, ètò tó jọ VirtualBox, là ń lò níbi iṣẹ́ nígbà yẹn. Wọ́n ní inú kóòdù tó ń darí floppy, díìsìkì àtijọ́, ni ihò wà, mo rẹ́rìn-ín, ta ló ṣì ń lo floppy? Àṣé láti 2004 ló ti wà níbẹ̀, téèyàn bá tiẹ̀ yọ floppy kúrò, kóòdù ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Gbogbo òru la fi ṣe ọ́púdéètì. Ẹ ò wá sọ ti àkáǹtì ẹgbẹ́?

Èmi oníṣọ́ọ̀bù dáhùn: Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní nótúbúùkù tó fọwọ́ kọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tẹ̀ ẹ́ padà, wọn ò san kọ́bọ̀.