Ṣé "gbèsè ìlú" ni ká pe ohun tí Hamilton ń jà fún?

Ẹ̀yin ará,

Mo ka àbá ẹ̀gbọ́n wa pé kí a máa lo "gbèsè ìlú" gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ Yorùbá fún ohun tí Alexander Hamilton, akọ́wé àgbà fún ètò ìṣúná Amẹ́ríkà, pè ní public credit (ìgbàgbọ́ tí àwọn ayánilówó ní pé ìjọba yóò san gbèsè rẹ̀) nínú ìròyìn tó fi ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin ní oṣù Kíní ọdún 1790. Mo tún ka èsì ẹni tó ní "àwìn ìjọba" ló yẹ. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, n kò fara mọ́ èyíkéyìí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún náà ti ya ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́tọ̀ síra wọn.

Ti àwìn kò gba àríyànjiyàn púpọ̀: ọjà là ń rà láwìn, ohun tó pọ̀ jù nínú ọ̀ràn yìí sì jẹ́ owó yíyá. Ti gbèsè ló gba àròjinlẹ̀. Ní 1790, gbèsè tó wà lọ́rùn ìjọba àpapọ̀, pẹ̀lú èlé tí wọn kò tíì san, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 54 dọ́là. Ti àwọn ìpínlẹ̀ tó mílíọ̀nù 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ ní ìṣirò Hamilton. Òfin ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún náà kò pa gbèsè yìí rẹ́. Ó ní kí àwọn tó ní ìwé gbèsè àtijọ́ lọ́wọ́ wá pààrọ̀ rẹ̀ sí tuntun, tí àwọn kan ń mú èlé ìdá 6 nínú 100 wá, tí àwọn kan ń mú ìdá 3 wá, tí èlé àwọn yòókù kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí di 1801. Ìjọba àpapọ̀ tún gba gbèsè àwọn ìpínlẹ̀ mọ́ tirẹ̀, nítorí náà ohun tó jẹ pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Síbẹ̀ iye tí wọ́n ń ta ìwé gbèsè náà lọ sókè, èyí tó fi hàn pé ìgbàgbọ́ àwọn èèyàn nínú ìjọba ń ga sí i. Nígbà tí Amẹ́ríkà ra Louisiana lọ́wọ́ ilẹ̀ Faransé ní 1803, ìwé gbèsè tó tó 11,250,000 dọ́là ni wọ́n fi san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, àwọn oníbáǹkì Yúróòpù sì gbà á. Bí gbèsè bá ń pọ̀ sí i, tí ìgbàgbọ́ yìí náà sì ń ga sí i, báwo la ṣe lè pe àwọn méjèèjì ní orúkọ kan ṣoṣo?

Ohun tí mo dábàá ni "ìfọkàntán lórí owó ìlú". Ẹnì kan lè sọ pé "ìṣeéyálówó" ṣe pàtó ju bẹ́ẹ̀ lọ, òótọ́ sì ni, ṣùgbọ́n àbájáde ni ìyẹn ń sọ, kò sọ ohun tó fà á. Ìwà ẹni la máa ń wò kí a tó fọkàn tán an. Lábẹ́ àdéhùn ìṣọ̀kan àkọ́kọ́, tó wà ṣáájú òfin ìpìlẹ̀ tuntun, àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà kò ní agbára láti bu owó orí; wọ́n kàn lè bẹ àwọn ìpínlẹ̀ ni, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń san èyí tó bá wù ú. Owó tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà lórí ọjà tó ń wọlé ní 1789 ló jẹ́ kí ìlérí sísan èlé ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Hamilton tẹnu mọ́ ọn pé ìjọba tó bá ń dá gbèsè gbọ́dọ̀ sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ibi tí owó tí yóò fi san án yóò ti wá.

Mo fi "ìlú" síbẹ̀ dípò "ìjọba" nítorí pé ìjọba yí padà ní 1789, àmọ́ òfin ìpìlẹ̀ tuntun sọ ní kedere pé gbèsè tí wọ́n jẹ ṣáájú rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn orílẹ̀-èdè náà.

Ẹnì kan tún túmọ̀ bí ìjọba àpapọ̀ ṣe gba gbèsè àwọn ìpínlẹ̀ sí "ìdáríjì gbèsè". Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká yọ èyí kúrò, nítorí kò sẹ́ni tó dárí gbèsè ji ẹnikẹ́ni. Ìgbàsọ́rùn gbèsè ni, ìdí sì nìyẹn tí ìpínlẹ̀ Virginia, tó ti san púpọ̀ nínú tirẹ̀, fi bínú pé wọ́n tún fẹ́ kí òun bá ìpínlẹ̀ Massachusetts san tirẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, "ẹni tí ìjọba jẹ lówó". Nígbà tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà parí, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n fún ọ̀pọ̀ ọmọ ogun dípò owó oṣù wọn. Àìní mú kí àwọn kan tà á fún oníṣòwò ní owó táṣẹ́rẹ́. Ní 1790, James Madison, aṣòfin láti Virginia, ní kí wọ́n pín owó náà láàárín ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìwé àti ẹni tó rà á. Hamilton kọ̀, ilé aṣòfin sì gba tirẹ̀ pé ẹni tí ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ín. Lójú tèmi, ọmọ ogun náà ni "ẹni tí ìjọba jẹ lówó" ń tọ́ka sí ní etí Yorùbá, nítorí náà bí a bá lò ó fún ẹni tó rà á, a ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo àríyànjiyàn náà mọ́lẹ̀. Mo fara mọ́ "ẹni tó di ìwé gbèsè mú", kí a sì pe àwọn tó rà á ní "oníṣòwò ìwé gbèsè" dípò "oníjìbìtì" tí àbá àkọ́kọ́ lò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àánú àwọn ọmọ ogun náà ń ṣe èmi náà gidigidi.