Ìwé òyìnbó àtijọ́ wo ló rán yín létí ẹni yín tó ti lọ? Ẹ sọ tiyín

Opó Leeds

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ìlú òyìnbó níbí ni ọkọ mi kú sí, ọdún mẹ́fà rèé, ibí náà la sì sin ín sí. Ìyá rẹ̀ pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọn ò sunkún, ohùn wọn kàn gbẹ. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, bá mi gé irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé." Ẹni tó dàgbà nílé mọ̀dí rẹ̀: bí ọmọ bá kú sájò, ó yẹ kí nǹkan kan lára rẹ̀ wọ ilẹ̀ baba rẹ̀. Mo gé e níbi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, mo kó o sínú àpòòwé, àbúrò rẹ̀ gbé e lọ.

Mi ò kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo wé díẹ̀ nínú irun náà mọ́ bébà, mo fi í pamọ́ sẹ́yìn fọ́tò rẹ̀ nínú pọ́ọ̀sì mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún kejì ni mo tún Wuthering Heights kà, ìwé tí Emily Brontë gbé jáde lọ́dún 1847. Mo ti kà á fún ìdánwò rí, orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ nìkan ni mo rántí. Lọ́tẹ̀ yìí, mo dé ibi tí wọ́n tẹ́ òkú Catherine sí. Heathcliff, olólùfẹ́ rẹ̀ láti kékeré tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀, gba ojú fèrèsé yọ́ wọlé lóru. Ẹ̀gbà kan wà lọ́rùn olóògbé, èyí tó ṣeé ṣí, irun ọkọ rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ó da irun náà sílẹ̀, ó fi irun dúdú tirẹ̀ sí i. Nígbà tó yá, Nelly tó ń tọ́jú ilé rí irun ọkọ nílẹ̀. Kò pariwo. Ó lọ́ irun méjèèjì pọ̀, ó dá wọn padà sínú ẹ̀gbà, ó pa á dé. Mo gbé ìwé sílẹ̀, mo lọ yẹ pọ́ọ̀sì mi wò.

Haworth, ìlú kékeré tí Emily gbé, kò jìnnà sí wa, ni mo bá lọ. Itẹ́ òkú wà níwájú ilé bàbá Emily gan-an. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1850 sọ pé ọjọ́ orí àwọn tó ń kú nílùú náà, bí a bá pín in dọ́gba, kò ju ọdún 25.8 lọ, omi ẹlẹ́gbin ni wọ́n ń mu. Àga gbọọrọ dúdú kan wà nínú ilé, wọ́n ní orí rẹ̀ ni Emily kú sí ní December 1848. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti ṣáájú rẹ̀ ní September, Anne, àbúrò rẹ̀ obìnrin, tẹ̀ lé e ní May. Oṣù mẹ́sàn-án ò pé! Irun Emily àti ti Anne ni wọ́n fi hun ẹ̀gbà ọwọ́ kan fún Charlotte, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin tó kù. Mo wá rí i pé olè irun kì í ṣe èmi nìkan.

Tísà Lítíréṣọ̀, Ìbàdàn

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Ọlọ́run á máa tù yín nínú.

Tèmi ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì. Mo ń ka ibi tí yìnyín há Lockwood, àlejò tó ń sọ ìtàn inú ìwé yẹn náà, mọ́ ilé Heathcliff. Ó rò pé ẹ̀ka igi ló ń gbá fèrèsé, ó na ọwọ́ jáde, ọwọ́ ọmọdé kan tó tutù nini sì dì í mú: "Jẹ́ kí n wọlé." Ẹ̀mí Catherine ni, ó ní ogún ọdún lòun ti ń rìn kiri. Lockwood fi ọrùn ọwọ́ ọmọ náà gbo gíláàsì tó fọ́ títí ẹ̀jẹ̀ fi rin aṣọ ibùsùn.

Kíláàsì dàrú. "Sà, òkú wo ló ń ṣẹ̀jẹ̀? Àkúdàáyà ni!" Èkejì ní irọ́ ni, àkúdàáyà kì í wá sílé, ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ tajà, tó ń lọ fẹ́yàwó, bó bá sì fojú kan ará ilé rẹ̀, ó ti pòórá nìyẹn. Mo ń rẹ́rìn-ín, àríyànjiyàn náà dùn mọ́ mi. Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún tó ṣáájú, wá ní, "Èmi ì bá ṣí i."

Gbogbo wọn dákẹ́. Heathcliff náà ṣí i nígbà tó gbọ́, ó ń sunkún, ó ń pè é kó wọlé. Yìnyín àti atẹ́gùn nìkan ló wọlé. Mi ò lè ka ibẹ̀ fún wọn mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àgbà Kawékawé

Ẹ má bínú sí mi o, Heathcliff yẹn, ìkà ni. Ó fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ, ó tú sàréè, ó tún fún agbẹ́sàréè lówó kó lè yọ ẹ̀gbẹ́ pósí òun àti ti Catherine, kí àwọn méjèèjì lè pọ̀ mọ́ra. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Nígbà tí a sin bàbá mi, ìyá mi kí i bó ṣe yẹ: ó di gbéré, ó di àrìnnàkò, ó dojú àlá, má jọ̀kùn, má jekòló. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ní òru, nígbà tó bá rò pé a ti sùn, ó ń bá a jà lórí ìwé ilẹ̀ tí kò fọwọ́ sí kó tó kú.

Opó Leeds

Ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, bàbá.

Mo gbàgbé láti sọ ìyókù. Mo lọ sílé lọ́dún tó kọjá, mo sì jẹ́wọ́ fún ìyá ọkọ mi. Màmá ò dáhùn. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n gbé agolo àtíkè kan jáde lábẹ́ aṣọ, wọ́n ṣí i. Irun ni. Wọ́n ní, "Ṣé o rò pé mo kó gbogbo ẹ̀ wọlẹ̀ ni?"