Ǹjẹ́ omi tí wọ́n fi ń fọ ihò gbòǹgbò eyín lè mú kí ohun tí wọ́n fi dí i má lẹ̀ dáadáa?

Ọmọ Kétu:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin onímọ̀ ìtọ́jú eyín. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mo bá wá. Ní ọdún tó kọjá, wọ́n tọ́jú gbòǹgbò ọ̀kan nínú eyín ńlá ẹ̀yìn tó fi ń rún oúnjẹ, wọ́n sì fi rẹ́sìnì funfun dí i lọ́jọ́ kan náà. Ní báyìí, etí ibi tí wọ́n dí ti dúdú, oúnjẹ ń há sábẹ́ rẹ̀, ẹnu wọn sì ń rùn láti ibẹ̀. Wọ́n ní òórùn Javel, omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, ni àwọn ń gbọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fọ eyín náà. Ṣé Javel yẹn ni kò jẹ́ kí ó lẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń lò ó?

Dókítà Eyín, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú aájò ìyá wa. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tíì dá omi náà lẹ́bi. Sodium hypochlorite ni, èròjà kan náà tó wà nínú Javel, a sì ń lò ó ní ìwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 0.5% títí dé nǹkan bíi 6%. Ihò inú gbòǹgbò ní àwọn ẹ̀ka tín-ín-rín tí irin ọwọ́ wa kò lè dé. Omi nìkan ló lè wọ ibẹ̀, hypochlorite ló sì ń pa kòkòrò tó tún ń yọ́ ẹran òkú tó kù síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kò fi lè pa á tì.

Ibi tí wàhálà wà ni pé rẹ́sìnì kì í dá lẹ̀ mọ́ eyín. Gọ́ọ̀mù kan ló ń so wọ́n pọ̀: á wọ àárín àwọn okùn fẹ́ẹ́rẹ́ inú eyín tí à ń pè ní kọ́lájìn, a ó sì tan iná aláwọ̀ búlúù sí i kí ó lè le. Hypochlorite máa ń jẹ àwọn okùn wọ̀nyẹn, ó sì máa ń fi ọ́síjìn sílẹ̀ lára eyín, ọ́síjìn yìí kì í sì í jẹ́ kí gọ́ọ̀mù náà le tán. Lójú, iṣẹ́ á dà bí èyí tó pé, síbẹ̀ àlàfo kékeré ti lè wà létí rẹ̀, ibẹ̀ sì ni itọ́ àti kòkòrò ń gbà wọlé padà. Hydrogen peroxide, omi apakòkòrò mìíràn, náà ń ṣe irú èyí.

Nítorí náà, ohun tí a ṣe gbẹ̀yìn ló jẹ mí lógún jù. Lẹ́yìn hypochlorite, omi kan tí à ń pè ní EDTA, ní ìwọ̀n 17%, la máa ń lò fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ó lè kó ìdọ̀tí tí irin fi lẹ̀ mọ́ ògiri ihò kúrò. Bó bá pẹ́ jù níbẹ̀, ògiri náà á rọ̀, nítorí kálísíọ̀mù ara eyín ló ń fà jáde. A ó wá fi omi iyọ̀ ṣàn án dáadáa, a ó fà á gbẹ, a ó sì fi irin ha ojú ibi tí gọ́ọ̀mù yóò dúró sí fẹ́ẹ́rẹ́. Ìwádìí tún ti fi hàn pé sodium ascorbate 10%, tí í ṣe ìbátan fítámì C, lè dá púpọ̀ nínú agbára ìlẹ̀mọ́ tó sọnù padà.

Olùrànlọ́wọ́ Dókítà, Ṣábẹ:
Ẹ̀gbọ́n Dókítà, ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Chlorhexidine 2%, omi apakòkòrò mìíràn tí a fi ń fọ ihò gbòǹgbò, kì í ba kọ́lájìn jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè yọ́ ẹran òkú, kò sì gbọdọ̀ pàdé hypochlorite. Mo ti rí i nígbà tí méjèèjì pàdé: lójú ẹsẹ̀ ni omi tó mọ́ gaara pọ́n rúsúrúsú, tí ó sì ń dì. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń dí àwọn ihò tíntìntín ara eyín, sìmẹ́ńtì tí a fi ń dí gbòǹgbò kò sì ní ráyè wọlé. A gbọ́dọ̀ fi omi ṣàn án láàárín àwọn méjèèjì.

Ọmọ Kétu:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ṣé kí n sọ fún wọn pé kí wọ́n má lo Javel lẹ́ẹ̀kejì?

Dókítà Eyín, Àjàṣẹ́:
Rárá o, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Kí ìyá wa má sì fi Javel ilé yọ ẹnu láé. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi fọ eyín náà kẹ́yìn, àti bóyá eugenol, èyí tó wà nínú òróró kànáfùrù, wà nínú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi dí gbòǹgbò, nítorí òun náà kì í jẹ́ kí rẹ́sìnì le. Ó sì lè jẹ́ pé eyín ti sán, pàápàá bí wọn kò bá fi ìdérí bò ó. Bí itọ́ bá ti ń wọ ibẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ṣeé ṣe kí a tún inú gbòǹgbò náà fọ̀ kí a tó dí i. Ẹ mú fọ́tò eyín tí wọ́n yà nígbà àkọ́kọ́ dání, kí wọ́n lè fi wé tuntun.