Bátìrì ọkọ̀-ilé kú pẹ̀lú iná lára rẹ̀, ẹ gbà mí o

Ìyàwó Awakọ̀: Ẹ jọ̀ọ́, inú ń bí mi. A gbé ọkọ̀-ilé wa, ọkọ̀ tó ní ibùsùn àti ilé ìdáná nínú, pamọ́ fún ìgbà òtútù. Wáyà iná kò kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, owó iná sì ń gorí ara. Mo da omi táǹkì nù, mo fọ fìríìjì, mo ra tápólì gidi bò ó. Síbẹ̀ bátìrì kú fin-ín-fin-ín! Ẹni tó tà á fún wa ní tí iná bá ti wà lára rẹ̀, kò séwu. Ọkọ mi ní ká ra tuntun. Èmi ò fẹ́.

Réwáyà Àgbà: Àǹtí, irú bátìrì wo? Kí ni mítà kà? "Ó kú" kò tó. Bátìrì aláásíìdì tó kún máa ń ka bíi 12.7V lẹ́yìn tó bá ti sinmi, 12.2V, ó ti dé ìdajì. Tó bá pẹ́ nísàlẹ̀ 12.4V, súfétì (ìdọ̀tí líle bí iyọ̀) á le mọ́ ọn nínú, kò ní gba iná dáadáa mọ́.

Sólà Ni Mo Mọ̀: Tápólì yẹn ni. Ó ti bo sólà orí ọkọ̀. Ẹ ká a kúrò.

Tóṣì: Oòrùn òtútù wo? Kì í ga, kì í sì í pẹ́. Wọ́n ní iná wà níbẹ̀, ẹ̀ ń sọ sólà.

Sólà Ni Mo Mọ̀: Ẹ̀yin náà ò tíì sọ nǹkan kan.

Ìyàwó Awakọ̀: Mi ò ní ká tápólì, òjò ń wọ ojú fèrèsé òkè. Gílóòbù inú ilé ń tàn dáadáa, ojú pánẹ́ẹ̀lì ń fi 13.6V hàn. Ẹ́ńjìnnì ni kò dáhùn.

Réwáyà Àgbà: Ẹ̀n-ẹ́n! Bátìrì méjì ló wà nínú ọkọ̀ yín: ọ̀kan ń ṣíná ẹ́ńjìnnì, ìkejì, ti ilé, ń tan gílóòbù. Ti ẹ́ńjìnnì ló kú, kì í ṣe ti ilé. Ṣájà inú ọ̀pọ̀ ọkọ̀-ilé, bátìrì ilé nìkan ló ń bọ́. Ṣé ẹ ní aláàmù tàbí tíràkà (ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn)? Wọ́n máa ń fa iná bátìrì ẹ́ńjìnnì.

Ìyàwó Awakọ̀: Méjèèjì. Adójútòfò ní ká má yọ tíràkà.

Réwáyà Àgbà: Ká ní àpapọ̀ wọn ń fa 50mA: 1.2Ah lójúmọ́ nìyẹn (Ah ni ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà). Bátìrì 90Ah ò ní ju ọjọ́ mẹ́tàdínlógójì lọ kó tó dé ìdajì. Ẹ so ẹ̀rọ kékeré tó ń pín iná láti bátìrì ilé sí ti ẹ́ńjìnnì, kí fúùsì wà lórí wáyà pupa níhà méjèèjì, nítòsí bátìrì. Tàbí kẹ̀, ẹ fi ṣájà 12V ọlọ́gbọ́n tirẹ̀ sí i.

Tóṣì: Ẹ má tíì ki iná bọ̀ ọ́ o! Bátìrì tí iná rẹ̀ ti tán lè dì bíi yìnyín ní bíi -10°C. Èyí tó kún kì í tètè dì rárá. Tí ara rẹ̀ bá wú tàbí ya, ẹ sọ ọ́ nù. Tí kò bá wú, ẹ jẹ́ kó yọ́ tán, kẹ́ ẹ tó rọra ṣájì í.

Ìyàwó Awakọ̀: Ṣé kò pọndandan ká ra tuntun nígbà náà?

Réwáyà Àgbà: Ẹ ṣájì í kún, ẹ yọ orí nẹ́gátíìfù, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Tó bá jábọ́ sísàlẹ̀ 12.4V, ọkọ yín jàre.