Ṣé kí a ra ẹ̀rọ ERG tiwa, àbí kí a máa lo yàrá ìdánwò ojú eku tó jẹ́ ti gbogbo wa?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àìsàn tó ń ba awọ ẹ̀yìn ojú jẹ́ ni mò ń ṣèwádìí lé lórí ní fásitì kan ní Amẹ́ríkà. Yàrá ìdánwò ojú àjùmọ̀lò wà níbẹ̀, owó P30 (owó ìrànwọ́ fún ohun èlò àjùmọ̀lò) ti National Eye Institute, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà fún ìwádìí ojú, ni wọ́n sì fi ń gbé e ró, ṣùgbọ́n a ń sanwó fún wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi ń rò ó pé kí a kúkú ra ẹ̀rọ ERG tiwa, èyí tó ń wọn ìgbì iná mànàmáná tí awọ ẹ̀yìn ojú ń mú jáde bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án. Kí ni ẹ rí sí i?

Èsì kìíní
Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ibi tí iṣẹ́ ERG ti le ni ìmúra eku. Inú òkùnkùn biribiri ló gbọ́dọ̀ sùn mọ́jú. Iná pupa bàìbàì nìkan ni a sì fi ń ríran nígbà tí a bá ń gún un ní abẹ́rẹ́ oorun, tí a ń kán tropicamide sí i lójú kí ọmọlójú rẹ̀ lè fẹ̀, tí a sì ń fi wáyà tín-ín-rín kan ẹyinjú rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ìgbì ERG á rọlẹ̀, lẹ́ǹsì ojú rẹ̀ sì lè funfun títí yóò fi jí, ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ́ ẹ sórí ohun gbígbóná kí ara rẹ̀ má kúrò ní nǹkan bí 37°C. Ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ yìí lára ni ẹ ń sanwó fún níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń tà á mọ́ ẹ̀rọ.

Èsì kejì
Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ irú eku yín wò. Ẹ̀yà eku FVB àti C3H ní àbùkù jíìnì tí a ń pè ní rd1 láti ìran wọn, ọ̀pọ̀ jù lọ sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ á sì ti kú lójú wọn kí wọ́n tó dàgbà. Ẹ̀yà C57BL/6N ní àbùkù jíìnì mìíràn, rd8. Ìbátan rẹ̀, C57BL/6J, kò ní in. Ọ̀pọ̀ ló ti di ẹ̀bi irú èyí ru jíìnì tí wọ́n ń ṣèwádìí rẹ̀.

Oníbéèrè
Ẹ ṣeun gan-an. Láti ara 6N ni tiwa ti wá, a sì rí àmì funfun ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ojú wọn. Ṣé OCT, ìyẹn àwòrán tó ń fi ìpele awọ ẹ̀yìn ojú hàn, ni kí a kọ́kọ́ ṣe ni?

Èsì kejì
Àmì yẹn jọ ti rd8, nítorí náà ẹ gé etí wọn díẹ̀ fún PCR, ìyẹn àyẹ̀wò jíìnì, kí ẹ tó gba àyè kankan ní yàrá ìdánwò. Tí ẹ bá wá débẹ̀, ERG ni kó ṣáájú, nítorí ìmọ́lẹ̀ OCT lè ba òkùnkùn tí ẹ fi gbogbo òru tọ́jú jẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ya OCT lórí oorun kan náà. Ìdánwò optomotor, tí eku ti máa ń yíjú tẹ̀lé ìlà dúdú àti funfun tó ń yí po, kò fẹ́ abẹ́rẹ́ rárá. Ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ ṣe ìyẹn, kí ẹ sì ṣe é ṣáájú.