Abẹ́rẹ́ ọmọ mi ti sú mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Àkànjí: Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún mẹ́rin lóṣù tó kọjá. Ìtọ̀ ṣúgà, abẹ́rẹ́ ìnsúlínì mẹ́rin lójúmọ́. Bó bá ti gbọ́ tí mo ṣí fìríìjì, á ti ká ṣòkòtò sókè, á yí itan sí mi. Kì í sunkún mọ́. Ẹkún tí kò sun yẹn gan-an ló ń pa mí. Ìyá ọkọ mi ní ohun dídùn tí mo jẹ nínú oyún ló fà á. Ọkọ mi ní tiẹ̀, fóònù ló ń tẹ̀. Lóru àná, ṣúgà ọmọ wálẹ̀ dé 3.1, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń fi omi ṣúgà sí i lẹ́nu. Ṣé kò sí oògùn oníhóró tó lè máa gbé mì ni?

Bàbá Àgbà: Kò sí. Ọmọdé, abẹ́rẹ́ ni. Glibenclamide, oògùn oníhóró fún ìtọ̀ ṣúgà, lèmi ń lò, àgbà ni wọ́n ń fún. Má ṣàdánwò.

Ìyá Méjì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Nígbà tí ọmọ tèmi ń ṣàìsàn, èmi náà ni wọ́n dá lẹ́bi. Ọdún méjì ni mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé wọn.

Onílábù: Ọmọ oṣù mélòó ni nígbà tí wọ́n rí i?

Ìyá Àkànjí: Mi ò jẹ ohun dídùn kankan o! Èébì ni mo fi gbogbo oyún bì.

Onílábù: Mi ò dá yín lẹ́bi mà. Oṣù mélòó?

Bàbá Àgbà: Kí nìyẹn fẹ́ ṣe níbẹ̀? Àìsàn ti wà lára ọmọ.

Ìyá Àkànjí: Ọ̀sẹ̀ méje. Ó ń mí gúlegúle, ìlédìí rẹ̀ rin gbingbin. Nọ́ọ̀sì ní mi ò mọ ọmọ tọ́jú.

Onílábù: Ọ̀sẹ̀ méje! Ẹ̀ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ látàárọ̀. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, jíìnì ló sábà máa ń jẹ́. Sẹ́ẹ̀lì bẹ́tà inú pancreas, àwọn tó ń ṣe ìnsúlínì, ni iṣẹ́ mi. Mo máa ń fi ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kéré ju irun lọ kan ara ẹyọ kan, kí n lè wo bí iná mànàmáná ṣe ń ṣe lára rẹ̀. Ó ní ilẹ̀kùn tí pòtásíọ̀mù ń gbà jáde. Bí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ bá kéré, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, iná dúró jẹ́ẹ́ sí nǹkan bí -70 mV. Bí ṣúgà bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì á sun ún di ATP, ìyẹn agbára tó fi ń ṣiṣẹ́, ATP á ti ilẹ̀kùn, iná á gbéra, á máa ta tá-tá-tá, kálísíọ̀mù á rọ́ wọlé, ìnsúlínì á tú jáde. Bí KCNJ11 tàbí ABCC8, àwọn jíìnì tó ń ṣe ilẹ̀kùn yẹn, bá lábùkù, ilẹ̀kùn kì í tì dáadáa. Ìnsúlínì wà nínú sẹ́ẹ̀lì, kò kàn rí ọ̀nà jáde ni. Oògùn Bàbá Àgbà yẹn gan-an ló máa ń ti ilẹ̀kùn ọ̀hún. 2004 ni wọ́n rí i pé KCNJ11 ń fà á. Ní 2006, nínú èèyàn 49 tí wọ́n gbé oògùn fún, 44 ló bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́.

Bàbá Àgbà: Kó má lọ fún ọmọ ní tèmi o! Ó ti gbé èmi ṣubú rí.

Onílábù: Òótọ́ ni bàbá. Bó bá jẹ́ jíìnì ìnsúlínì fúnra rẹ̀ ló bàjẹ́, hóró kò ní ṣe nǹkan kan. Àyẹ̀wò jíìnì ló kọ́kọ́, dókítà ni yóò fi hóró pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lójú ara rẹ̀. Ẹ má fo abẹ́rẹ́ kankan mà.

Ìyá Àkànjí: Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ kan nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n ní ti jíìnì ni. A kó kúrò ládùúgbò yẹn, a ò padà lọ mọ́. Wọ́n ní àwọn máa fi èsì ránṣẹ́ sí ímeèlì ọkọ mi.

Ìyá Méjì: Ṣé ẹ bi í?

Ìyá Àkànjí: Ó ti sùn. Fóònù rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Èsì náà wà níbí. Láti ọdún mẹ́ta, kò ṣí i. KCNJ11 ni wọ́n kọ síbẹ̀ gàdàgbà. Mò ń jí i.

Bàbá Àgbà: Rọra jí i o.