Ìbéèrè tí ẹnìkan kò bi mí rí nílé

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti sọ bí ìgbàgbọ́ nínú Jésù ṣe di tiyín fúnra yín. Tèmi nìyí.

Abẹ́òkúta ni mo dàgbà sí, nínú ìdílé Áńgílíkà tí àdúrà òwúrọ̀ kì í yẹ̀ lórí rẹ̀. Bí a ṣe ń jẹ́ orúkọ bàbá wa náà la ṣe ń jẹ́ Kristẹni. Kò sẹ́ni tó ń bi ẹnikẹ́ni bóyá ó gbàgbọ́.

Mo wá dé Manchester, mo ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, iṣẹ́ ọjọ́ Àìkú sì pọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì di Kérésì àti Àjíǹde. Ẹnikẹ́ni ò dí mi lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò sì béèrè mi. Nígbà tí èsì ìkànìyàn ọdún 2021 jáde, àwọn tó pe ara wọn ní Kristẹni ní England àti Wales kò tó ìdajì mọ́: 46.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tí kò ní ẹ̀sìn kankan jẹ́ 37.2. Àwọn la jọ ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́, ọmọlúàbí sì ni wọ́n.

Ọ̀kan nínú wọn ló bi mí, tọkàntọkàn, pé ṣé mo gbà lóòótọ́ pé Jésù kú, ó sì jíǹde. Gbogbo ohun tó wá sí mi lẹ́nu, ọ̀rọ̀ bàbá mi ni, tàbí ti àlùfáà wa. Mo ní kó fún mi láyè.

Ìhìn Rere Máàkù ni mo mú, torí òun ló kúrú jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kà á tán, gbogbo orí rẹ̀ mẹ́rìndínlógún, bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Orí 9 ló dá mi dúró: bàbá kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ń ṣàìsàn wá, ó ní òun gbàgbọ́, kí Jésù ran àìgbàgbọ́ òun lọ́wọ́. Níbi tí mo dàgbà sí, ta ló máa dìde sọ bẹ́ẹ̀ nígbà ìjẹ́rìí? Jésù ò lé e. Ó wo ọmọ náà sàn. Mo kúnlẹ̀, mo gba àdúrà bàbá yẹn, torí òun gan-an ló wà lọ́kàn mi.

Mo wá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan nítòsí ilé. Àwọn òyìnbó àgbàlagbà díẹ̀ ni, kò sí ìlù (àárò ìlù ṣì ń sọ mí), ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wá síbẹ̀ nítorí pé àdúgbò ń wo òun.

Mo dá ẹlẹgbẹ́ mi lóhùn nígbẹ̀yìn: bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà. Mo sọ fún un nípa àwọn obìnrin tó fi ìbẹ̀rù sá kúrò níbi ibojì Jésù ní ìparí Máàkù. Ẹni tó bá ń parọ́ ò ní kọ ọ́ báyẹn. Kò tíì gbà. A ṣì jọ ń jẹun.

Èmi àti ọmọ mi ọkùnrin ló ń ka Máàkù báyìí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. A ti dé orí 5, ó sì fẹ́ mọ ẹni tó máa san owó àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bí 2,000 tí ẹ̀mí àìmọ́ wọ̀, tí wọ́n sì kú sínú òkun. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ ọmọ yín, kí lẹ dáhùn?